Bíà Tó Mú Mi Kó Ọ̀rọ̀ Mi Jẹ Lọ́dún Tó Kọjá

"Ó ti bàjẹ́."

Ohun tí mo kọ síwájú orúkọ Orval, bíà kan láti Bẹ́ljíọ̀mù, nìyẹn nígbà àkọ́kọ́ tí mo tọ́ ọ wò, lóṣù kejì ọdún tó kọjá. Mo fi bíírò pupa fàlà sí i nídìí, bíi tíṣà tó ń máàkì iṣẹ́ ọmọ tí kò kàwé. Bẹ́ ẹ bá ṣí ìwé pélébé náà lónìí, ẹ ó rí i pé mo ti fagi lé e, mo kọ òmíràn, mo tún fagi lé ìyẹn náà, títí ojú ìwé fi dà bí ilẹ̀ tí adìyẹ ta. Kò sì sí bíà tí mo rà tó o kí ọdún tó parí.

Ohun tó ń wọ inú ìwé yẹn kò ju mẹ́ta lọ: orúkọ bíà, ọjọ́ tí mo mu ún, àti ohun tí ahọ́n mi sọ lẹ́yìn ẹnu àkọ́kọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ti pẹ́ nídìí ọ̀rọ̀ yìí ló ní kí n máa kọ ọ́. Ó sì fòfin kan lé e: n kò gbọdọ̀ dá bíà kankan lẹ́jọ́ títí n ó fi mu ún lẹ́ẹ̀mẹta, lọ́jọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Mo ní irú ìyà wo ni n ó máa fi jẹ ara mi báyìí. Owó mi ni. Bí nǹkan ò bá dùn, kò dùn náà nìyẹn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìwọ ṣáà máa kọ ọ́."

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, irú bíà kan ṣoṣo ni mo mọ̀: èyí tó mọ́ kedere, tó tutù bíi yìnyín, tí èèyàn sì ti gbàgbé bó ṣe rí lẹ́nu kó tó gbé ife kalẹ̀. N kò bú u o. Ṣùgbọ́n ahọ́n tó bá ti fi ọdún mẹ́wàá mọ ohun kan ṣoṣo á sọ ọ́ di òṣùwọ̀n. Gbogbo èyí tó bá yàtọ̀ sí i, àléébù ló máa kọ́kọ́ rí lára rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n tètè yanjú ọ̀rọ̀ orúkọ. Bíà àwọn apọntí kéékèèké ni mo ń pe irú bíà tí mò ń sọ yìí, àmọ́ orúkọ náà ń wọ́ nílẹ̀ díẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn apọntí ní Amẹ́ríkà, Brewers Association, gbà pé ilé ìpọntí kékeré ni èyí tí ohun tó ń pọn lọ́dún kò bá ju mílíọ̀nù 6 àgbá lọ, tí ilé-iṣẹ́ ọtí ńlá kan kò sì ní ìpín tó 25% nínú rẹ̀. Bí mílíọ̀nù 6 àgbá bá jẹ́ kékeré, ẹ wá fi ńlá hàn mí. Lójú tèmi, bíà tí ẹni tó pọn ọ́n gbà pé kí ẹlòmíì kórìíra rẹ̀ ni mò ń wá. Èyí tí wọ́n pọn kó má baà bí ẹnikẹ́ni nínú ti wà nílé gbogbo wa.

Bíà eléèéfín ni mo kọ́kọ́ kó ọ̀rọ̀ mi jẹ lé lórí. Schlenkerla lorúkọ ilé ìpọntí náà, ní ìlú Bamberg, ní àríwá Bavaria lórílẹ̀-èdè Jámánì. Mo tú u sínú ife, ó dúdú bí igi tí òjò pa. Mo gbé e sún mọ́ imú, mo sì bojú wẹ̀yìn, torí mo rò pé nǹkan ń jóná ní kíṣìnnì. Ohun tí mo kọ lọ́jọ́ náà rèé: "Wọ́n fi omi paná, wọ́n bu omi náà fún mi mu."

Ìgbà tí mo wádìí ni mo rí i pé ọkà báálì kì í ṣàdédé di bíà. Wọ́n á rẹ ẹ́ sómi kó lè hù díẹ̀, torí bó ṣe ń hù ni àwọn èròjà tó máa sọ sítáàṣì di ṣúgà á jí nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbẹ ẹ́, kó má baà hù kọjá bó ṣe yẹ. Ibi gbígbẹ yìí ni gbogbo ẹjọ́ wà. Láyé àtijọ́, iná igi ni wọ́n fi ń gbẹ ẹ́ ní ọ̀pọ̀ ibi, èéfín á sì wọ ọkà lára. Nígbà tí ọgbọ́n dé láti fi ooru nìkan gbẹ ọkà, kò pẹ́ tí àwọn apọntí fi pa èéfín tì. Schlenkerla àti aládùúgbò rẹ̀ tó ń jẹ́ Spezial kò pa á tì ní tiwọn. Igi beech ni Schlenkerla ṣì ń dáná sí títí dòní. Ó wá yé mi pé ohun tí mo pè ní àléébù yìí, òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn ìgbà náà mọ̀ ní bíà. Tèmi tí kò ní èéfín ni àlejò.

Mo mu ìgò kejì nítorí òfin ọ̀rẹ́ mi, kì í ṣe nítorí ìfẹ́. Ó ṣẹlẹ̀ pé nígbà tí ife náà dé ìdajì, èéfín ti ń yẹ̀bá. Imú kì í pẹ́ kí òórùn kan tó sú u. Bó bá ti mọ̀ ọ́n tán, kò ní máa pariwo rẹ̀ mọ́. Nígbà náà ni ohun tó wà lábẹ́ yọjú: ọkà yíyan, adùn kan tó jọ ti ṣúgà tó fẹ́ẹ́ jó, àti ìkorò fẹ́ẹ́rẹ́ ní ìparí. Kí n tó mu ìgò kẹta, mo ti ń wá a kiri. Ohun tó wá yà mí lẹ́nu jù ni bíà wọn mìíràn tó pupa fẹ́ẹ́rẹ́, tí wọ́n ń pè ní Helles. Kò sí ọkà eléèéfín kankan nínú ìyẹn, síbẹ̀ èéfín ń ta sí imú ẹni, nítorí pé ìkòkò kan náà àti ìwúkàrà kan náà ni wọ́n fi pọn ọ́n. Èéfín ti di ẹ̀dá ilé náà.

Ká wá sórí Orval. Orúkọ náà túmọ̀ sí àfonífojì wúrà. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé Matilda, obìnrin ọlọ́lá láti Tuscany, jókòó sétí ìsun kan, òrùka rẹ̀ bá já bọ́ sómi. Ó gbàdúrà, ẹja kan sì fi ẹnu gbé òrùka náà wá sókè. Ẹja yẹn tòun ti òrùka ṣì wà lára ìgò. Ìtàn dùn, àmọ́ ohun tó wà nínú ìgò ló gba ọkàn mi. Àwọn mọ́ǹkì Trappist, ìyẹn àwọn ọkùnrin Kátólíìkì tó fi ayé sílẹ̀ fún àdúrà àti iṣẹ́, ló ni ilé ìpọntí náà, ní gúúsù Bẹ́ljíọ̀mù nítòsí ààlà Faransé. Ọdún 1931 ni wọ́n dá a sílẹ̀ kí wọ́n lè rí owó fi tún ilé wọn tó ti di àwókù kọ́, bíà kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń kó jáde fún ayé.

Bí wọ́n bá pọn ọ́n tán, wọ́n á tún da họ́ọ̀pù, òdòdó tó ń fún bíà ní ìkorò àti òórùn, sínú rẹ̀ ní tútù, kí òórùn rẹ̀ lè wọ̀ ọ́ láìsí pé iná jó o dànù. Bí wọ́n bá fẹ́ rọ ọ́ sínú ìgò, wọ́n á fi ìwúkàrà ẹhànnà kan sí i, Brettanomyces. Níbi tí ìwúkàrà tó kù bá ti jẹun tì nìyẹn á ti bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀, díẹ̀díẹ̀, oṣù dé oṣù. Ilé ìpọntí Carlsberg ní Denmark ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan tó ń jẹ́ Claussen wà lọ́dún 1904 nígbà tó sọ̀rọ̀ ìwúkàrà yìí fáráyé, ó sì fi orúkọ ilẹ̀ Bìrìtìkó sọ ọ́ nítorí pé nínú bíà àwọn ará ibẹ̀ ló ti rí i. Ọ̀pọ̀ apọntí ló ń fi omi gbígbóná àti kẹ́míkà lé e jáde nílé. Bó bá wọlé láìjẹ́ pé èèyàn pè é, ó lè sọ gbogbo agbada di òórùn awọ àti ibùsọ̀ ẹṣin. Ohun tí gbogbo ayé ń sá fún yìí ni àwọn mọ́ǹkì ń fi ọwọ́ ara wọn bù sínú ìgò.

Ṣé ẹ wá rí ibi tí mo ti ṣìnà? Ọjọ́ tí wọ́n rọ ọ́ sínú ìgò wà lára bébà rẹ̀, n kò wò ó. Ìgò àkọ́kọ́ tí mo mu ti lé lọ́dún kan dáadáa: ó gbẹ lẹ́nu, ó ń rùn bí awọ bàtà àti koríko gbígbẹ. Ìgò kejì kò ju oṣù mẹ́ta lọ, òdòdó ni gbogbo ara rẹ̀, ó sì korò tó ohun tí ń jí èèyàn. Ìgò kẹta wà láàárín àwọn méjèèjì, òdòdó kò tíì lọ, ẹṣin sì ti ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Òfin ẹ̀ẹ̀mẹta tí mo ń kùn sí yẹn, bíà kan ṣoṣo kọ́ ló mú mi mu lẹ́ẹ̀mẹta. Bíà mẹ́ta ló ń jẹ́ orúkọ kan.

Wọ́n ní adùn ló ń gbẹ̀yìn ewúro. Mo dúró de adùn yẹn nínú Orval, kò wá. Ìwúkàrà ẹhànnà ti jẹ ṣúgà tán pátápátá, ìkorò ló ń gbẹ̀yìn ìkorò, òun gan-an ló sì dá mi dúró. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ohun tó korò kò ní láti tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ mi.

(Mo tún kọ́ ọgbọ́n kékeré kan lórí rẹ̀. Bíà tó bá tutù ju bó ṣe yẹ lọ, ahọ́n á kú tiiri, imú ò ní gbọ́ nǹkan kan. Mo máa ń gbé e jáde nínú fíríìjì, n ó fi í sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìgò kan náà ni, àmọ́ ẹ máa rò pé wọ́n pààrọ̀ ohun inú rẹ̀.)

Lẹ́yìn èyí ni mo wá láyà láti kọjú sí àwọn tó kan. Gueuze, bíà kíkan ti ilé ìpọntí Cantillon, láti Brussels ní Bẹ́ljíọ̀mù. Ọdún 1900 ni wọ́n dá ilé náà sílẹ̀, wọn kì í sì fi ìwúkàrà kankan sí bíà wọn. Lásìkò òtútù, wọ́n á da omi ọkà gbígbóná sínú agbada pẹrẹsẹ kan lókè àjà, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ mọ́jú. Ohun tó bá ń fò káàkiri nínú afẹ́fẹ́ ló máa bà lé e, òun ló máa sọ ọ́ dọtí. Ó di inú àgbá onígi. Họ́ọ̀pù tó ti gbó ni wọ́n ń lò, kì í ṣe tútù, torí pé kó má jẹ́ kí bíà bàjẹ́ ni wọ́n ń fẹ́ lára rẹ̀, kì í ṣe kó ta sánsán. Wọ́n á po ti ọdún kan, ti ọdún méjì àti ti ọdún mẹ́ta pọ̀, wọ́n á rọ ọ́ sínú ìgò, á tún máa hó níbẹ̀. Aláǹtakùn kún ilé náà, wọn kì í lé e, nítorí ó ń bá wọn pa kòkòrò.

Ẹnu àkọ́kọ́: "Ọtí kíkan. Ẹ bá mi bù ú sórí sàláàdì." Ojú mi ń ṣẹ́ wìrìwìrì. Ẹnu kejì kò sàn jù ú lọ. Mo jẹ́wọ́ pé ìgò kẹta pàápàá kò tíì wọlé tán. Àmọ́ kíkan rẹ̀ ní ìpele, bí ọ̀rọ̀ àgbàlagbà: èyí tó ń já lẹ́nu lójú ẹsẹ̀, èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn bí èèpo ọsàn, èyí tó ń rùn bí àjà ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí fèrèsé rẹ̀. N kò lè sọ pé ó dùn. Ohun tí mo lè sọ ni pé lẹ́yìn rẹ̀, bíà mìíràn dà bí ẹni tí kò ní ọ̀rọ̀ sọ.

Gose, bíà àwọn ará Leipzig ní Jámánì, rọrùn ju ìyẹn lọ. Ó kan díẹ̀, iyọ̀ àti èso kóríáńdà wà nínú rẹ̀. Ọdún 1966 ni ẹni tó ń pọn ọ́n kẹ́yìn ti ṣíwọ́, ó sì di àwọn ọdún 1980 kó tó tún jí. Mo kọ "omijé" síwájú rẹ̀, n kò fagi lé e. Ọ̀rọ̀ náà ṣì bá a mu, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ibi tí mo ti pàdánù owó jù lọ́dún yẹn ni ìdí àwọn bíà olóòórùn họ́ọ̀pù. Mo bẹ̀rẹ̀ dáadáa, pẹ̀lú Sierra Nevada Pale Ale, bíà tó ti wà láti ọdún 1980, tí họ́ọ̀pù Cascade fi òórùn èèpo ọsàn sí lára. Àwọn tó mọ̀ ọ́n tipẹ́ kì í kà á sí mọ́, wọ́n ti ré e kọjá lọ wá èyí tó le jù ú. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ rí i bó ṣe wà: kò sí ohun tó ṣẹ́kù, kò sí ohun tó dín. Ibi tí mo ti wá ṣìṣe ni pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í sá tẹ̀ lé àwọn tó rú, tó dà bí omi ọsàn, tí gbogbo èèyàn ń fún ní ìràwọ̀ márùn-ún lórí fóònù. Heady Topper láti Vermont ló mú kí irú wọn gbayì. Wọ́n kọ ọ́ sára agolo rẹ̀ pé inú agolo ni kí èèyàn ti mu ún. Òun dára. Àmọ́ àwọn tó ń sín in jẹ pọ̀ bí eṣú, ọ̀pọ̀ nínú èyí tí mo mu ló dà bí ọbẹ̀ tí gbogbo ará ilé fi iyọ̀ sí.

Ohun tó tún burú ni pé òórùn họ́ọ̀pù kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ooru ń lé e, afẹ́fẹ́ tó bá sá wọ inú agolo ń pa á. Mo ra mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà nítorí orúkọ, mo tò wọ́n síta fíríìjì bí ẹni to ìwé, mo sì mu èyí tó kẹ́yìn lẹ́yìn oṣù márùn-ún. Bébà tí òjò pa ló kù. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ lọ́dọ̀ Orval pé ọjọ́ orí bíà ṣe pàtàkì, n kò ronú pé ibi tí ọjọ́ orí gbé ń ṣe ẹnì kan lóore, ó lè jẹ́ ibẹ̀ ló ti máa sin ẹlòmíì.

Ti ẹ̀bi mi nìyẹn. Èyí tí kì í ṣe ẹ̀bi mi ni ti ìsọ̀ kan tó to ìgò bíà aláwọ̀ ewé sójú fèrèsé nítorí kó lè fa ojú. Oòrùn ń yan án láti òwúrọ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kan ìkorò họ́ọ̀pù, á di èròjà kan tó ń rùn bí ẹranko tí wọ́n ń pè ní skunk, imú èèyàn sì ń gbọ́ ọ bó ti wù kó kéré tó. Ìdí nìyẹn tí ìgò aláwọ̀ ilẹ̀ fi sàn ju aláwọ̀ ewé lọ. Mo ṣàlàyé fún ẹni tó ń tajà. Ó ní báyìí ni bíà òkè òkun ṣe ń rùn.

Ojú olójú kò jọ ojú ẹni, ẹ̀kọ́ ìràwọ̀ fóònù yẹn tó mi. Mo ṣàkíyèsí pé bíà tó bá ti le, tó dúdú, tó sì dùn bí oyin ni wọ́n ń fún ní ìràwọ̀ jù, bíi pé ìdíje ẹni tó máa tètè ṣubú ni. Mo mu Rochefort 10, tí ọtí inú rẹ̀ jẹ́ 11.3%, ó sì yẹ orúkọ rẹ̀: àjàrà gbígbẹ, ṣúgà dúdú, ooru kan tó ń sọ̀ kalẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ní àyà. Ìgò kan, èèyàn mẹ́ta, ìrọ̀lẹ́ kan. Bí mo bá dá a mu, ìwé pélébé mi kò ní ṣeé kà lọ́jọ́ kejì.

Mo ní mi ò bú bíà tó mọ́ kedere. Lóṣù kọkànlá, ọ̀rẹ́ mi gbé ìgò kan wá láìsọ ohun tó jẹ́. Ó tú u sínú ife, ìhó funfun ga ní ìka mẹ́ta. Mo rí àwọ̀ rẹ̀, mo kẹ́dùn nínú ara mi: a ti padà síbi tí a ti bẹ̀rẹ̀. Mo mu ún, mo dákẹ́. Ọkà tó rọ̀ bí búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lẹ́nu ààrò, òdòdó tó dà bí ewé tí wọ́n fi ọwọ́ ra, ìkorò tó mọ́ gaara, tó lọ nígbà tó yẹ kó lọ. Pilsner ni, láti ilé ìpọntí kékeré kan. Irú bíà tí mo ti ń mu láti ọdún mẹ́wàá ni, àfi pé ẹni tó pọn eléyìí kò yára.

Mo wá lọ wá ìyá wọn. Ọdún 1838 ni àwọn ará Plzeň, ìlú kan ní ilẹ̀ tó ń jẹ́ Czech lónìí, da àgbá bíà burúkú dà síta nítorí ìbínú, wọ́n kọ́ ilé ìpọntí tuntun, wọ́n sì gba Josef Groll láti Bavaria láti wá pọn ọtí níbẹ̀. Ní 1842, ó lo omi ìlú náà tó fúyẹ́, họ́ọ̀pù ìlú Žatec, ọkà tí wọ́n fi ooru pẹ̀lẹ́ gbẹ, àti ìwúkàrà tó ń ṣiṣẹ́ ní tútù. Ohun tó jáde mọ́ bí wúrà, bíà aláwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ tó kún ayé lónìí sì ń tọpa rẹ̀. Pilsner Urquell ni orúkọ rẹ̀, 4.4% péré, Asahi, ilé-iṣẹ́ ọtí ńlá kan ní Japan, ló ni ín láti ọdún 2017, nítorí náà kò sí ẹni tó máa pè é ní iṣẹ́ apọntí kékeré. Mo kọ ọ́ sínú ìwé àwọn kékeré bẹ́ẹ̀ náà. Ìwé mi ni.

Bíà yìí nìkan ni mo yìn lẹ́nu àkọ́kọ́, mo yìn ín lẹ́nu kejì, mo yìn ín lẹ́nu kẹta. Ọ̀rẹ́ mi wo ojú ìwé náà, ó ní èyí ló yẹ kó bà mí lẹ́rù.

Ìgò Orval mẹ́rin ló kù lábẹ́ àtẹ̀gùn, nínú òkùnkùn. Mo ti lẹ bébà mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo kọ oṣù tí mo fẹ́ ṣí i sí i. Lánàá ni oṣù àkọ́kọ́ pé. Mo gbé e jáde, mo tò ó sórí tábìlì, mo wo ẹja àti òrùka rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, mo sì gbé e padà síbi tó wà, mo fi oṣù mẹ́ta kún un.